Kí Ló Bàjẹ́ Nílé Yín?

Orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Kò-dá-mi-lójú, ó sì mọ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ síta lójú fèrèsé kó tó gbà, bí ọwọ́ náà bá sì tutù, yóò tún béèrè bóyá kì í ṣe ẹnìkan ló ń da omi láti òkè. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìrànwọ́ ẹbí, níbi tí wọ́n ti ń bójú tó ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn, àgbàlagbà tí kò ní ẹni tí yóò bu omi fún un mu, àti tọkọtaya tí ìjà wọn ti ń ta bá ọmọ. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́rìnlélógún, bí kò bá ya wèrè, á di oníyèméjì. Òun yan ìkejì, kò sì kábàámọ̀.

Ìfura loògùn àgbà, àwọn tó bí wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn ní ìwọ̀n, ẹni tó bá sì gbé gbogbo ìgò mu lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó bá rí, kó fara mọ́ ọn.

Omíyalé ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Odò tó gba àárín ìlú kọjá kún àkúnya lọ́jọ́ Ajé kan, kó sì tó di ọ̀sán, ó ti wọ gbogbo ilé ìsàlẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn, ó gbé ọ́fíìsì ìrànwọ́ ẹbí pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́tàdínlógún tó kún fún fáìlì. Nígbà tí omi fà, ìwé inú wọn ti di ẹrẹ̀ funfun.

Wọ́n fún wọn ní àyè tuntun lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn aránṣọ ti ń rán yunifọ́ọ̀mù tẹ́lẹ̀. Yàrá méjì ni, ti ìta àti ti inú, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tuntun méjì tó ń ṣí wẹ́rẹ́ bí ẹni ṣí ìwé. Òwú ṣì wà láàárín pákó ilẹ̀, pínnì sì ń gún ènìyàn lẹ́sẹ̀ níbi tí kò fọkàn sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Akọ̀wé, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju àwọn pínnì yẹn lọ, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ìyá Kò-dá-mi-lójú dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka àwọn ìdílé fún un láti orí: nọ́ńbà báyìí, ọmọ mélòó, ta ló ń ṣàìsàn, ta ló ń mutí, ta ló ní òun ti jáwọ́ ọtí tí kò sì tíì jáwọ́. Ọgọ́rin ìdílé ó lé mẹ́ta ló kà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Orí rẹ̀ nìkan ni kọ́bọ́ọ̀dù tí omi kò wọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá gbàgbé ìdílé kan báyìí, ìdílé náà ti pòórá nìyẹn?" Akọ̀wé bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìdí tí mi ò fi ń gbàgbé nìyẹn."

Iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ ni ti àwọn ọmọ. Mẹ́rìnlá ni wọ́n yọ nínú omi láìsí òbí. Wọ́n pín wọn sọ́dọ̀ àwọn alágbàtọ́, ìyẹn àwọn obìnrin tó yọ̀ǹda ilé wọn láti tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ fún ìgbà díẹ̀. Lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń gun àtẹ̀gùn wá láti wí pé àwọn ni ẹ̀gbọ́n, àwọn ni àbúrò, àwọn ni ìyá àgbà. Kò sí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí omi kì í yẹ ìwé wò kó tó gbé e.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọkùnrin kan wá, ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan. Ó sunkún títí Akọ̀wé fi bá a sunkún. Ọmọ náà pàápàá dì mọ́ ọn, nítorí ọmọ tí omi ti lé á dì mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí i. Àánú ṣe Ìyá Kò-dá-mi-lójú, ó fọwọ́ síwèé, kò béèrè ohunkóhun. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n rí ọmọ náà ní ìlú mìíràn, ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan, ẹlẹ́kún ti sá lọ. Ọmọ náà padà dé pẹ̀lú ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá kò ti ka omijé ẹnikẹ́ni sí ju òógùn lọ, ó sì pàṣẹ pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fojú kan ẹni tó wá gbà á títí ẹni náà yóò fi dáhùn ìbéèrè òun.

Ìbéèrè náà ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tó fi ń bẹ ilé àwọn ènìyàn wò, ó ti ṣàkíyèsí pé kò sí ilé tí nǹkan kan kò bàjẹ́ nínú rẹ̀, tí àwọn ará ilé sì ti bá a gbé títí wọn ò fi rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀dì tí agolo ọ̀dà jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹrin. Aago tó fi ogójì ìṣẹ́jú yá ju ti aráyé lọ, tí gbogbo ilé sì ń yọ ogójì kúrò kí wọ́n tó jáde. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi àkísà so lọ́rùn. Àlejò kì í mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá gba ọmọ, ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi í: "Kí ló bàjẹ́ nílé yín tí ẹ ò tún ṣe?"

Ará ilé tòótọ́ á rẹ́rìn-ín, á sì sọ ọ́. Òpùrọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tó dára: àga tuntun, fèrèsé gíláàsì, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. "Ilé irọ́ kì í jò," ni Ìyá máa ń wí. Òfin méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: wọn kì í sọ fún ẹni náà pé ìdánwò ni, wọn kì í sì í bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mẹ́jọ ló ti tipa bẹ́ẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn, kò sì sí èyí tí wọ́n fún ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà náà ni Káfíńtà dé.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Gbì! Ó ta ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tuntun náà nípàá, ó wá rọra tì í wọlé. Ọkùnrin gíga kan ni, tínrín, pẹ́ńsù wà lẹ́yìn etí rẹ̀.

"Ṣé ilẹ̀kùn yẹn ṣẹ̀ yín ni?" Ìyá béèrè.

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni ín. "Ẹ má bínú, ìyá. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ẹ káàárọ̀ o."

Ìyá kọ ọ̀rọ̀ méjì sí etí ìwé: ìwà ipá.

"Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ yín tó ní rọ́bà lọ́rùn ọwọ́," ni Káfíńtà wí. "Nọ́ńbà mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà lára rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Èmi ni àbúrò ìyá rẹ̀."

Wọ́n mọ ọmọ tó ń wí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, lórí òrùlé ni wọ́n ti gbé e, kò sì tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, débi pé Dákẹ́dákẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Rọ́bà náà jẹ́ ti ilé ìtọ́jú ọmọ tí ọ́fíìsì wọn ní kí omi tó dé, nọ́ńbà tó sì wà lára rẹ̀ ni nọ́ńbà ìdílé rẹ̀.

"Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n rí òkú wọn lọ́jọ́ kẹta. Èmi ni mo sin wọ́n."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ gígùn pákó. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó yẹ kí ìyẹn tẹ́ Ìyá lọ́rùn, ẹni tó ní òun kò fẹ́ omijé mọ́. Àmọ́ ìyẹn gan-an tún kọ ọ́ lóminú: ṣé kì í ṣe pé àwọn òpùrọ́ ti gbọ́ pé ẹkún kò tà lọ́fíìsì yìí mọ́?

Ó mọ ilé kẹrìndínláàádọ́ta dáadáa. Ó lọ síbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí bàbá ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn àbáwọlé ti wú, àfi kí ènìyàn ta á nípàá nísàlẹ̀ kó tó gbà. Ìyá ta á, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣí kúrò. Ìyá ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ilẹ̀kùn àwọn kì í mọ àlejò. Nítorí náà, ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kó tó béèrè.

"Kí ló bàjẹ́ nílé yín tí ẹ ò tún ṣe?"

Káfíńtà ronú. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. "Kò sí," ló wí.

"Kò sí?"

"Kò sí nǹkan kan, ìyá. Káfíńtà ni mí. Kí nǹkan bàjẹ́ nílé tí mò ń sùn, kí n máa wò ó, ìtìjú ni."

Ìyá pa ìwé dé. "Ẹ máa lọ ná. A ó ránṣẹ́ sí yín."

Lédè ọ́fíìsì yẹn, "a ó ránṣẹ́ sí yín" túmọ̀ sí pé kí ẹ má ṣe padà wá mọ́. Káfíńtà kò gbọ́ èdè náà. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún wá lọ́jọ́ kẹrin, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó sì wá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Lẹ́ẹ̀mẹsẹ̀ẹ̀sán, gbì ni ilẹ̀kùn máa ń dún kó tó wọlé, a sì máa tọrọ àforíjì. Ìwà ipá mẹ́sàn-án ni Ìyá ti tò sí etí ìwé.

Lẹ́ẹ̀kejì tó wá, ó mú lẹ́tà dání láti ọ̀dọ̀ alága àdúgbò wọn. Ọwọ́ ìwé náà rí wọ́gọwọ̀gọ, ìlà kan gun orí èkejì.

"Àgbàlagbà ló kọ eléyìí àbí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi?" Ìyá béèrè.

"Alága wa ni, ìyá. Wọ́n wà ní àgọ́ àwọn tí omi lé, lọ́hùn-ún. Gíláàsì ojú wọn ló bá omi lọ."

Ìdáhùn náà yá jù. Ìyá fi lẹ́tà náà sábẹ́ ìwé yòókù.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé àpótí ìjókòó kékeré kan wá fún ọmọ náà, ó ti fi bébà oníyanrìn ha á títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ìyá kọ "ẹ̀bùn" sílẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó rí i pé tábìlì Akọ̀wé ń mì, ó kúnlẹ̀, ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gé pákó pẹlẹbẹ kan sí i nídìí, tábìlì sì dúró.

"Ó ń wá ojú rere," ni Ìyá wí nígbà tó lọ.

"Màmá, tábìlì ló tún ṣe o. Kì í ṣe pé ó kọ́lé fún wa."

"Ibi tábìlì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé o wo ọwọ́ rẹ̀? Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé. Káfíńtà wo ni ìka rẹ̀ ń pé?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kọ kọ̀ǹpútà. "Èyí tó mọṣẹ́ ni, Màmá."

Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹfà, Káfíńtà kò jókòó. Ó dúró níwájú tábìlì, ó di fìlà rẹ̀ mú.

"Ìyá, bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kí n tọrọ àforíjì. Wọ́n máa ń wí fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Tiwa yàtọ̀. Agbè wa ló fọ́. Omi díẹ̀ tó kù ni mo wá bẹ̀ yín fún."

Akọ̀wé kọjú sójú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá náà lára. Ṣùgbọ́n ó pa ìwé dé. Ẹni tó mọ òwe lò báyìí, kí ló lè dí i lọ́wọ́ láti mọ irọ́ lò?

"A ó ránṣẹ́ sí yín," ló wí.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, alágbàtọ́ tí Dákẹ́dákẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ wá jábọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn.

"Ọmọ yẹn ń jẹun, ó ń sùn. Kò sọ̀rọ̀, àmọ́ ó máa ń gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Kì í ṣí ilẹ̀kùn láìta á nípàá. Ti balùwẹ̀ ni o, ti yàrá ni o, ti kọ́bọ́ọ̀dù mi pàápàá. Tó bá ti ta á tán, á wá rọra ṣí i. Ṣé inú ló ń bí i ni?"

"Ẹ̀rù ni," Ìyá wí kíákíá, bí ẹni tó mọ̀. "Ó ń dán ilẹ̀kùn wò bóyá omi wà lẹ́yìn rẹ̀." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: ìbẹ̀rù. Ó fi ti ọmọ sínú fáìlì ọmọ. Ti ọkùnrin ti wà nínú fáìlì ọkùnrin. Fáìlì méjèèjì wà nínú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò sì fojú kanra.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta tí Káfíńtà ti ń wá ni ìwé dé láti olú ilé-iṣẹ́. Ó ní gbogbo ọmọ tí ẹbí wọn kò bá tíì dájú títí di ọjọ́ Ẹtì ni bọ́ọ̀sì yóò kó lọ sílé ọmọ aláìlóbìí ní olú-ìlú, ìrìn wákàtí mẹ́fà. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọmọ tó bá wọ ibẹ̀, ó di kí ẹbí rẹ̀ máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn fún ọdún méjì kí wọ́n tó rí i. Ọmọ mẹ́ta ló kù, Dákẹ́dákẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan. Lọ́jọ́rú, Ìyá fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀: kò sí ìbátan tó dájú.

"Màmá," Akọ̀wé pè é. "Tó bá wá jẹ́ òun ni ńkọ́?"

"Tí kò bá wá jẹ́ òun ńkọ́? Ṣé o rántí ọwọ́ ọmọ ọjọ́sí?"

Akọ̀wé rántí. Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan kì í dá lójú, àìdánilójú rẹ̀ pàápàá kì í dá a lójú. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Kò-dá-mi-lójú wọ bàtà ẹrẹ̀, ó mú ọ̀pá dání, ó ní òun ń lọ sí ilé kẹrìndínláàádọ́ta. Ohun tó sọ fún Akọ̀wé ni pé òun fẹ́ rí àrídájú irọ́ ọkùnrin yẹn, kí òun lè fi ọkàn balẹ̀.

Ẹrẹ̀ ti gbẹ ní àdúgbò náà, ó ti sán káàkiri. Lára ògiri ilé kọ̀ọ̀kan, omi ti fa ìlà pupa kan tó ga tó ọrùn ènìyàn. Ìdajì òrùlé ilé kẹrìndínláàádọ́ta kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àga tàbí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀kùn àbáwọlé nìkan ló dúró, ó sì wà ní títì. Ìyá rántí àtàǹpàkò rẹ̀. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára ta ilẹ̀kùn náà nípàá.

Ilẹ̀kùn ṣí wàà. Ìyá bá a wọlé, ọ̀pá bọ́, díẹ̀ ló kù kó dojú bolẹ̀ láàárín pálọ̀.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó yíjú padà wò ó. Irin tuntun mẹ́ta ló gbé e mú lára férémù. Wọ́n ti fi ìfági fá ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un débi pé omíyalé pàápàá kò lè mú un há. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà búlúù, ọ̀dà náà sì dára. Ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. Kò dún rárá.

Kò sí nǹkan kan, ìyá. Káfíńtà ni mí.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àbáwọlé, ibẹ̀ ló ti wá rí i. Nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ọ̀dà búlúù ti bó níbi méjì. Ọ̀kan ga díẹ̀, ó fẹ̀ tó imú bàtà àgbàlagbà. Èkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ju ìka ẹsẹ̀ ọmọdé lọ. Lórí ọ̀dà tuntun ni àpá náà wà. Ta ló ń ta ilẹ̀kùn tó ń ṣí báyìí nípàá?

"Ìyá, ẹ ò lè rí nǹkan kan mú níbẹ̀ mọ́ o," ni ẹnìkan wí.

Bàbá arúgbó kan ló dúró níwájú ilé kejì, ó di ṣọ́bìrì mú, ó ń di ojú pọ̀ kó tó lè rí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọ́fíìsì ìrànwọ́ ẹbí ni mo ti wá. Ta ló tún ilẹ̀kùn yìí ṣe?"

"Àbúrò ìyá ọmọ náà mà ni. Ó kó wá bá wọn lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò yá. Kò tíì tú ẹrù tán tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo ilé ṣe."

"Ẹsẹ̀ ta ló wá wà lára rẹ̀ yìí?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó fi ṣọ́bìrì ti ara rẹ̀. "Ẹsẹ̀ gbogbo wọn ni! Ó tún ilẹ̀kùn ṣe, ẹsẹ̀ wọn ò gbọ́. Ìyá á ta á, ọmọ á ta á. Òun tó tún un ṣe náà wá bínú títí, ó ní kí wọ́n yé ba iṣẹ́ òun jẹ́. Kò tó oṣù méjì, òun náà ti kó o. Gbì láàárọ̀, gbì nírọ̀lẹ́. Ó ti di bárakú fún wọn." Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti fún un lọ́mọ rẹ̀? Mo bá a kọ lẹ́tà kan láti àgọ́. Àná ni mo tó padà dé. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣe é kà, gíláàsì mi ló bá omi lọ."

Ìyá tún wo àpá ẹsẹ̀ kékeré náà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń béèrè ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Kò béèrè rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bóyá ẹnìkan ti tún nǹkan ṣe. Ojú tì í níwájú bàbá tí kò ríran dáadáa náà, ó sì dúpẹ́ pé kò lè rí ojú òun kedere.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bọ́ọ̀sì ti dúró nísàlẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Ìyá ti wà lọ́fíìsì láti aago mẹ́fà. Ó ti fa ìwé Ọjọ́rú ya, ó sì ti kó àjákù rẹ̀ sínú báàgì rẹ̀, kò jù ú nù. Ó fẹ́ rán Akọ̀wé lọ wá Káfíńtà nígbà tí ilẹ̀kùn ìta dún. Gbì.

"Ẹ má bínú, ìyá," ni Káfíńtà wí. Ó ti rí bọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ ti fà ro.

"Ẹ wọ yàrá inú lọ. Ẹ jókòó, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ilẹ̀kùn yàrá inú. Lọ́jọ́ náà, òun ló fura. "Ṣé ọlọ́pàá lẹ pè sí mi ni?"

"Ẹ ṣáà jókòó."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ ni alágbàtọ́ gun àtẹ̀gùn dé pẹ̀lú Dákẹ́dákẹ́. Ó ti wẹ̀ fún un, ó ti dirun fún un, báàgì kékeré kan wà léjìká ọmọ náà fún ìrìn-àjò wákàtí mẹ́fà. Ojú alágbàtọ́ pọ́n, kò sì fẹ́ kí wọ́n wo òun.

Ìyá tọ́ka sí yàrá inú. "Dákẹ́dákẹ́, bá mi ṣí ilẹ̀kùn yẹn."

Ọmọ náà wò ó. Ó rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn tuntun tó ń ṣí wẹ́rẹ́ náà, ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kékeré. Gbì.

Nínú yàrá, àga ṣubú. Ilẹ̀kùn kò tíì ṣí, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti dìde. Akọ̀wé fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà rọra ti ilẹ̀kùn ṣí, ó sì rí àbúrò ìyá rẹ̀ tó dúró láàárín yàrá, pẹ́ńsù rẹ̀ lẹ́yìn etí, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò mọ ibi tí yóò wà.

Kò sáré. Kò dì mọ́ ọn. Ó dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí omi ti dé.

"Ẹ pẹ́," ló wí.

Ẹkún tí Káfíńtà kò sun níwájú ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ yìí wá, ìgbà náà ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà. "Mo pẹ́," ló wí. "Mo pẹ́ lóòótọ́. Má bínú." Kò wo apá ibi tí Ìyá wà. Ì bá wò ó, ì bá nàka sí i, ì bá ka ìgbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wá fún ọmọ náà. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó gba ẹ̀bi náà bí ẹni tó gba ẹrù lórí aláìsàn.

Ìyá Kò-dá-mi-lójú kò lè fara da ìyẹn. Ó rìn lọ bá wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún, títí ojú rẹ̀ àti ti ọmọ fi ṣe déédéé.

"Kì í ṣe òun ló pẹ́," ló wí. "Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ yìí. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ọmọ náà gbé ojú kúrò lára àbúrò ìyá rẹ̀. Ó wo ìyá àgbàlagbà náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ìyá mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wo àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó wo òun bẹ́ẹ̀ rí.